Bí A Ṣe Gbé Aboyún Tòun Tàga Kúrò Nídìí Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀rù ọsibítù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wò mí bí akọni bí ìtàn yìí bá ṣe ń lọ. Iṣẹ́ fíríìjì ni mo ń ṣe. Mo lè ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fíríìjì tí gáàsì ń sá jáde lára rẹ̀ ṣììì bí ejò, kí n sì máa súfèé. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì kàn gbé abẹ́rẹ́ kọjá níwájú mi, kódà bó jẹ́ ẹlòmíràn ló fẹ́ gún, ẹnu géètì lẹ ó ti bá mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́. A kọ́ ìṣirò, a kọ́ orin, n kò rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ìgboyà. Bóyá n kò wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo dé Port Harcourt. Eliozu ni mo ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá. Lándílọ́ọ̀dù wa, ọkùnrin Ikwerre kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún gbogbo ayálégbé. Bí iná bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa jẹnẹrétọ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí a pa òfin bọ́ọ̀lù mọ́.

Òfin náà rèé: ibi tí o bá wà nígbà tí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, bí o ṣe wà níbẹ̀ ni kí o ṣe wà títí fèrè ìparí yóò fi dún. Bí o bá yí padà pẹ́nrẹ́n, o ti ta orílẹ̀-èdè rẹ nìyẹn. Mo ti rí ọkùnrin tó fi ọwọ́ mú ìkòkò ẹ̀bà tí kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ̀bà fi di òkúta. Èmi fúnra mi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ kan tí a gbá àkọ́kọ́ wọlé. Kí n tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbààgà. Wọ́n ti tì í mọ́ mi láti ìta.

"Papa, abeg, stay there! Na you dey help us!"

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń fi etí wo bọ́ọ̀lù. A tún gbá méjì wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, èjìká ni wọ́n gbé mi sí yí ilé ká. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Àwọn tó gbé mi ló ń yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọmọ náà ń jó irin lọ́dọ̀ àwọn kan ní Alesa, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Bó bá wọ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ á pé kó tó wálé. Ìyàwó rẹ̀, Port Harcourt yìí ni wọ́n bí i sí: bàbá rẹ̀ ará Kwara, ìyá rẹ̀ ọmọ Ikwerre. Bó bá ń sọ Yorùbá, Pijin á máa yọjú nínú rẹ̀ bí ẹja nínú ọbẹ̀. Ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ọkọ rẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn, ó wà lọ́wọ́ yín.

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi ni mo sìn ín lọ sí ilé ìgbẹ̀bí torí ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo dúró síta, mo gbá fèrèsé mú. Mátíróònù ibẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí mi gba ojú fèrèsé.

"Papa wey dey hide for window, na you I dey talk to o. Bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ẹ má dúró gba ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jáfara, a lè pàdánù ìyá, a lè pàdánù ọmọ, a sì lè pàdánù àwọn méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ohun tó ń ba òun nínú jẹ́ ni pé Sátidé tó ń bọ̀, Nàìjíríà máa gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ó ní lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun máa ń gbẹ bí ọyẹ́. Kò ní sí aboyún kan tí inú yóò run. Ṣùgbọ́n kí fèrè ìparí dún báyìí, wọn á ya wọlé bí ẹni pé ìsédò já.

Mo ní, "Mà, ṣé ikùn náà mọ bọ́ọ̀lù ni?"

Ó ní, "Ikùn kò mọ bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ni ikùn ló mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lápò ọkọ, ọkọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Oníkéké wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá gan-an ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbá a tán." Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, òun máa ń tètè jẹun, òun á se irinṣẹ́, òun á tẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì, òun á wá jókòó máa retí fèrè.

Nígbà tí a délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Alesa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni mo fi í sí o." Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀. Ta ni yóò bá mi fi tèmi balẹ̀?

Sátidé dé. Ilé kún fọ́fọ́. Èmi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn wà. Ìyàwó wa kò fẹ́ jókòó sáàárín èrò nítorí ooru, ó ní inú yàrá lòun á ti máa gbọ́ ọ. Nígbà tó yá ló jáde wá tọrọ ìṣáná lọ́wọ́ mi. Bó ṣe fara ti òpó ilẹ̀kùn báyìí ni ọmọ wa kan lórí pápá fò sókè, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó di inú àwọ̀n.

Ilé mì tìtì. Wọ́n fò, wọ́n dì mọ́ra wọn, ẹnì kan tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà.

"Madam," ni lándílọ́ọ̀dù wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ kó má baà fò lọ, "no move."

Wọ́n gbé àga oníke kan wá, wọ́n tì í sábẹ́ ìdí rẹ̀ níbi tó wà gan-an. Wọ́n ní jíjókòó kò burú, tí kò bá ṣáà ti rìn. Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, ẹnì kan bu omi tútù fún un. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ayaba.

Ní abala kejì ó dìde, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n inú tí ọmọ ti gba gbogbo àyè kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kò tíì ti ẹ̀yìnkùlé padà dé tí àwọn tí à ń bá gbá fi dá góòlù wa padà. Ọ̀kan-ọ̀kan. Lándílọ́ọ̀dù yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wo obìnrin náà tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé òun ló gbá a wọlé.

"Ẹ má bínú," ni ìyàwó wa wí, ó sáré padà sórí àga. "I no go stand again till e finish. Mo búra."

Ó sì búra lóòótọ́, ó fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè.

Àkókò pé, ó ṣì jẹ́ ọ̀kan-ọ̀kan. Wọ́n fi àkókò kún un. Mo ṣàkíyèsí pé ó di apá àga mú. Lẹ́yìn náà ó fi apá àga sílẹ̀, ó di ṣòkòtò mi mú.

"Kí ló dé?"

"Nothing, Bàbá. Ẹ máa wo bọ́ọ̀lù."

Mo ń wo bọ́ọ̀lù. Ó tún fún ṣòkòtò náà, pẹ̀lú díẹ̀ lára itan mi.

"Orí ló kàn ń fọ́ mi small," ló wí. "Tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ti di méjì. Gólì méjì ni mò ń rí lẹ́nu àwọ̀n wa. Bí a bá ní gólì méjì lóòótọ́ ni, wọn ò bá má rí èyí tí wọ́n dá padà yẹn gbá."

"Inú ńkọ́?"

"Inú ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀!"

"Bàbá, ẹ má pariwo. Àwọn èèyàn ń wò wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a tán, a ó lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù méjì ló dojú kọ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ọsibítù wà níwájú, ẹ̀rù lándílọ́ọ̀dù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń wo èyí tí mo lè sá fún nínú méjèèjì ni mo rántí ìka Mátíróònù. Ẹ̀rù kẹta nìyẹn, ó sì gbé méjì tó kù mì. Mo dìde. Mo ní kí n fi ohùn ọkùnrin sọ̀rọ̀, ohùn èkúté ló jáde.

"À ń lọ sí ọsibítù."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo tún un sọ. Nígbà náà ni lándílọ́ọ̀dù dìde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀.

"Which hospital? Papa, na penalty remain! Pikin wey don wait nine months, e no fit wait five penalty?"

Gbogbo ilé gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyàwó wa pàápàá gbè é lẹ́sẹ̀! Ó ní, "Bàbá, mo ti búra fún wọn." Ojú rẹ̀ ti pọ́n, òógùn sì ń ṣàn létí rẹ̀, ó ń sọ ìbúra fún mi.

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà. Ẹyọ kan tóbi ju orí mi lọ. N kò mọ ibi tí ọgbọ́n ti wá, àfi kó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló bí i. Mo bi í jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò:

"Lándílọ́ọ̀dù, nígbà tí ó padà sórí àga, kí ló ní òun kò ní ṣe mọ́?"

"She say she no go stand."

"Ṣé ó ní àga kò ní rìn?"

Ẹnì kan ní ibi tí èèyàn wà ni òfin ń sọ, pé ẹnu ọ̀nà ni. Ẹlòmíràn ní rárá o, ìdí àti àga ni, bí àwọn méjèèjì kò bá ṣáà ti pínyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bí lọ́yà, ìyàwó wa sì ń kérora láàárín wọn. Lándílọ́ọ̀dù gbé ọwọ́ sókè bí rẹfirí.

"Papa get point," ló wí. "Carry the chair."

Bí wọ́n ṣe gbé e tòun tàga nìyẹn, àwọn ọkùnrin mẹ́rin, wọ́n ń rìn lẹ́sọ̀-lẹ́sọ̀, ẹnì kan ń ké pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbé sókè. Kéké kò lè gba àga, nítorí náà lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lọ gbé píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó yanrìn. A gbé e sẹ́yìn. Okùn tí mo fi ń di fíríìjì mọ́ ọkọ̀ ni mo fi di àga náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò tíì jẹ́ kí fíríìjì kan bọ́ rí.

Ọ̀nà tó máa ń dí débi tí èèyàn á fi sùn jí nínú ọkọ̀, ó ṣófo gbalaja lọ́jọ́ yẹn. Níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, gbogbo wọn ti rọ̀gbà yí fóònù kan ká. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí wa láìwẹ̀yìn. Aboyún lórí àga, lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, tí bàbá àgbàlagbà kan fi okùn dì mọ́lẹ̀! Bí a bá jí i gbé ni, wọn kò ní mọ̀.

Rédíò ń ké níwájú. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́náritì. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbá a ni lándílọ́ọ̀dù ń tẹ bíréèkì, torí kò lè wa ọkọ̀ kí ó sì tún máa gbàdúrà.

"Landlord!" ni ìyàwó wa pariwo. "Tí ẹ bá tún tẹ bíréèkì yẹn, inú mọ́tò yín ni mo máa bí i sí o!"

"Sorry, madam! But we don score!"

"We don score?"

Ó ju ọwọ́ sókè fún ayọ̀. Ìrora dé bá ọwọ́ náà lókè, ó sì fi í gbá mi létí. Títí di òní n kò mọ èwo nínú méjèèjì ló gbá mi.

Bí a ṣe wọ ọgbà ilé ìgbẹ̀bí, Mátíróònù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, gbogbo bẹ́ẹ̀dì funfun gbòò.

"Ah! Before whistle?" Ẹnu yà á. "Una no get television for house?" Nígbà náà ló rí àga. "Kí ni ìyẹn?"

"Ẹ má béèrè, Mà," ni mo wí.

Ó ní kí ìyàwó wa dìde. Lándílọ́ọ̀dù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró. Ó ní pẹ́náritì kan ló kù fún àwọn ọ̀hún, bí gólì wa bá mú un, a ti borí. "Matron, abeg, one minute."

Mátíróònù kò wò ó. "Madam, stand up."

Ìyàwó wa wo lándílọ́ọ̀dù, ó wo Mátíróònù, ó wò mí. Ó di èjìká mi mú, ó dìde. Bó ṣe dìde gan-an ni rédíò bú sí igbe: gólì wa ti mú un!

Lándílọ́ọ̀dù jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀ wàyí pé òfin rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ronú, ó ronú, ó wá fi ọwọ́ kan àga náà.

"Na because the chair still dey warm," ló wí.

Mátíróònù kò bá wa yọ̀. Ó wọn ìfúnpá ìyàwó wa, ojú rẹ̀ sì pa dé bí ilẹ̀kùn. Ó ké sí dókítà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ní báyìí báyìí. A pe ọkọ rẹ̀ ní Alesa, gbogbo ohun tó ń sọ ni, "Kí wọ́n ṣe é, Bàbá, kí wọ́n ṣáà ṣe é." Yàrá iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wọ́n tì í wọlé. Òórùn oògùn wọ̀ mí nímú, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo sì rọra bá a jókòó sílẹ̀ kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ lókèèrè. Mo rò pé ayọ̀ ìṣẹ́gun ni. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ya wọlé: kéké, mọ́tò, ọ̀kadà pàápàá. Ọkọ wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, ìyàwó di inú mú. Ọ̀kan ti kun ojú ní àwọ̀ ewé, fèrè gígùn tó ń fọn níbi ìran bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ìyàwó rẹ̀ dání. Bẹ́ẹ̀dì funfun wọ̀nyẹn kún bí ẹni da èkuru sáwo. Wọ́n gbé obìnrin kan dé tí òun náà nílò iṣẹ́ abẹ, ìyàwó wa sì wà nínú yàrá náà. Lándílọ́ọ̀dù tó ń jó nínú ọgbà ni Mátíróònù fà ní ṣẹ́ẹ̀tì. Lándílọ́ọ̀dù kò mẹ́nu kan òfin. Ó gbé obìnrin náà sí píkọ́ọ̀pù, ó gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn, ó sì fi dá mi lójú lẹ́yìn náà pé òun kò tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà yè, ọmọ rẹ̀ yè.

Mátíróònù sáré kọjá lára mi. "Papa, you see? Ká ní ẹ dúró de fèrè, ẹ̀yin lẹ bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí."

Ara mi tutù. N kò rí ẹ̀rín kankan rín nínú ìyẹn.

Ìgbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì kan jáde, ó gbé ìdì kékeré kan dání, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò síbi tí yóò gbé e sí.

"Papa, hold am."

"Ta ni? Èmi?"

"No bed. No hand. Hold am. Na girl."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Dem still dey with am," ló wí, ó sì ti lọ.

N kò gbé ọmọ ọjọ́ kan rí láyé mi. Mo dì í mú bí ẹ̀rọ tí gáàsì kún inú rẹ̀, n kò lè jókòó, n kò lè dìde dáadáa, mo wà láàárín, mo sì sé èémí mi. Ọmọ náà la ojú kan, ó wò mí, ó tún un pa dé. Ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbé e jáde.

Ọkùnrin tó kun ojú yẹn wá dúró tì mí, fèrè rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ó ń wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo tíṣà.

"Oga, abeg, how dem dey carry am?"

Mo ní, "Orí ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. Ọrùn rẹ̀ dà bí páìpù fíríìjì, bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti bà jẹ́."

Ó mi orí. Ó fi fèrè rẹ̀ dánra wò, ó gbé e sí àyà, ó ń mì í. Ó ní, "How many you don carry?"

"Èyí ni àkọ́kọ́."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì lọ wá tíṣà mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀kùn náà ṣí, Mátíróònù ló ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ̀. Omi dírípù ń kán lókè orí ìyàwó wa, ojú rẹ̀ là díẹ̀. "E don dey come down," ni Mátíróònù wí. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló ń sọ. "She go dey alright." Mo tẹ̀ síwájú, mo rọ ọmọ náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wò mí, ojú mi tó ti wú, tó sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, "ẹ mí."

Mo sì mí.